Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Fọ́tò Àwọn Tó Ń Múra Bíi Sójà Àtijọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbà tí mo kọ ọ́ síbí lóṣù tó kọjá pé mo lọ sí Gettysburg ní Pennsylvania lọ ya àwọn tó máa ń wọ aṣọ sójà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn tí òyìnbó ń pè ní reenactor, mi ò mọ̀ pé lẹ́tà máa ya wọlé tó báyìí. Ẹni tí ò bá ka tòṣù tó kọjá, ohun tí mo sọ ò ju pé àwọn èèyàn yìí kì í ṣe òṣèré tíátà o, owó ara wọn ni wọ́n fi ń rán aṣọ tí wọ́n fi ń ra ìbọn, wọ́n á sùn nínú àgọ́ nínú òtútù, wọ́n á tún ogun 1861 sí 1865 tí Àríwá àti Gúúsù Amẹ́ríkà bára wọn jà, jà lójú ayé kí ìtàn ẹ̀ má bàa kú, mo wá ní fọ́tò dúdú-funfun ló bá ojú wọn mu jù. Mo ti ṣa lẹ́tà mẹ́fà jáde. Ẹni tí mi ò bá kàn, ẹ má bínú, ó máa kàn yín.

Lẹ́tà láti Baltimore: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà lọ sí Gettysburg ní November, mo ya àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n múra bíi sójà 54th Massachusetts, ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kan. Fọ́tò yẹn dáa gan-an ní kọ́lọ̀, àmọ́ bí mo ṣe ní kí n yí i sí dúdú-funfun lórí fóònù báyìí, ṣe ló kàn rí bí eérú, ojú wọn ṣú, ẹ̀wù wọn ṣú, gbogbo ẹ̀ wá dà pọ̀. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kámẹ́rà ẹ ò ṣẹ̀, ìwọ náà ò ṣẹ̀, bọ́tìnnì tó o tẹ̀ yẹn ni. Tí fóònù bá yí kọ́lọ̀ sí dúdú-funfun, bí ojú tiwa ṣe ń wo àwọ̀ ló ṣe máa ń wò ó, ẹ̀wù tó ṣú á ṣú, ara tó dúdú á dúdú, wọ́n á wá bára wọn pàdé síbì kan náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ nìyẹn. Fọ́tò ọdún 1863 ò ríran báyẹn o, ojú tiẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa pátápátá.

Gíláàsì tàbí páànù ni wọ́n fi ń ya fọ́tò láyé ìgbà yẹn. Frederick Scott Archer, ọmọ ilẹ̀ England kan, ló gbé ọ̀nà náà síta ní 1851. Wọ́n á da nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní collodion sórí gíláàsì, ó ki díẹ̀ bí oyin tí wọ́n bu omi là, wọ́n á rì í sínú omi tí wọ́n po kẹ́míkà fàdákà sí, wọ́n á yà á bó ṣe tutù yẹn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kó tó gbẹ, gbogbo ẹ̀ ò ju bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn fọtógíráfà ojú ogun fi máa ń gbé yàrá òkùnkùn wọn kiri nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ní 1856, Hamilton Smith ní Ohio gba ìwé àṣẹ lórí èyí tí wọ́n ń ṣe sórí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kùn ní dúdú. Òyìnbó ń pè é ní tintype, èmi ń pè é ní fọ́tò páànù. Kì í fọ́, kò wọ́n, sójà lè kì í bọ àpò-ìwé kó fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ nílé.

Kẹ́míkà yẹn wá ní ìwà kan. Búlúù nìkan ló rí dáadáa, búlúù àti ìmọ́lẹ̀ ultraviolet tí ojú èèyàn ò lè rí. Pupa ńkọ́, ó fọ́jú sí i. Yẹ́lò, díẹ̀ báyìí ló ń rí níbẹ̀. Torí náà sánmà búlúù á funfun báláú, ẹni tí ẹyinjú ẹ̀ bá jẹ́ búlúù á dà bí ẹni tí ojú ẹ̀ fẹ́ máa tàn, bọ́tìnnì idẹ tó ń dán bíi góòlù á ṣú. Ṣòkòtò sójà Àríwá tó jẹ́ búlúù bíi sánmà á mọ́, ẹ̀wù òkè tí wọ́n rẹ láró dáadáa á ṣú jù ú lọ, ìyàtọ̀ á sì hàn kedere láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró rí, tó mọ aṣọ tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀kan yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé e.

Ara èèyàn wá ńkọ́? Pupa àti yẹ́lò ló pọ̀ jù nínú àwọ̀ ara gbogbo wa, àti òyìnbó náà, ìdí nìyẹn tí àmì tó-tò-tó ojú wọn fi máa ń yọ síta lórí páànù bí ẹni ta ẹrẹ̀ sí wọn lára. Tiwa á ṣú jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹni tó ń yà á ò bá jẹ́ kí lẹ́ǹsì ṣí pẹ́ díẹ̀ sí i. Àmọ́ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé fọ́tò àtijọ́ ò lè ya aláwọ̀ dúdú kó dáa. Lọ wo fọ́tò Frederick Douglass, ọkùnrin tó ti ṣe ẹrú rí tó wá ń bá òwò ẹrú jà, òun ni wọ́n ya jù ní gbogbo Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún yẹn, fọ́tò ẹ̀ tí wọ́n ti rí tó nǹkan bí 160. Irun orí ẹ̀, ìlà iwájú orí ẹ̀, gbogbo ẹ̀ lèèyàn lè kà. Ìmọ́lẹ̀ tó dáa ló wà ńbẹ̀, kò sí nǹkan míì.

Ohun tó o máa ṣe rèé. Má ya sójà ní ọ̀sán gangan lábẹ́ oòrùn, fìlà wọn yẹn ní etí níwájú, òjìji etí fìlà máa bo ojú, ojú ló sì yẹ kó o rí. Mú un lọ sábẹ́ igi tàbí ẹnu àgọ́, kó kọjú síta síbi tí sánmà ti là, kí ìmọ́lẹ̀ tútù yẹn bọ́ sí i lójú. Àwọn sìtúdíò àtijọ́ náà, gíláàsì ni wọ́n máa ń fi ṣe òrùlé, wọ́n á kọ ọ́ sí àríwá kí oòrùn má bàa wọlé tààrà. Tó o bá fẹ́ wọn ìmọ́lẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ni kó o wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀wù. Tí fóònù bá ni, fi ìka tẹ ojú ẹ̀ lórí skrínì kó o tó yà á. Tó bá ṣe kámẹ́rà, ya RAW, irú fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe. Tó o bá wá délé, má tẹ bọ́tìnnì dúdú-funfun yẹn mọ́, lọ síbi tí wọ́n ti ń yí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, gbé búlúù sókè, fa pupa wálẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ọsàn, fi í sílẹ̀ níbi tó wà o, tàbí kó o gbé e sókè díẹ̀, torí inú ẹ̀ ni ara wa wà. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ìyẹn ò bá ti páànù mu mọ́. Mo gbà. Tí mo bá ní kí n yàn láàárín páànù àti ojú èèyàn, ojú èèyàn ni mo máa mú. Ẹni tó bá sì ń lo fílíìmù, Ilford Ortho Plus wà, ISO 80, ìyẹn bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, búlúù àti àwọ̀ ewé ló ń rí, kò rí pupa, ìyẹn náà á mú ẹ súnmọ́ ojú ìgbà yẹn.

Kí n tó kúrò lórí tìẹ, ó yẹ kó o mọ aṣọ ẹni tó wà lára àwọn ọkùnrin yẹn. 54th Massachusetts wà lára ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kọ́kọ́ kó jọ ní Àríwá. Ní July 18, 1863, nǹkan bí 600 nínú wọn sáré kọlu Fort Wagner, odi àwọn sójà Gúúsù lẹ́bàá Charleston, ó lé ní 250 tó kú, tó fara gbọgbẹ́, tàbí tí wọn ò rí mọ́. Dọ́là 13 ni sójà òyìnbó ń gbà lóṣù, ìjọba ní òun á fún tiwọn ní 10, òun á yọ 3 owó aṣọ, ó ku 7. Àwọn sójà náà ní àwọn ò gbà. Wọ́n ń jagun, wọn ò gba kọ́bọ̀, ìyàwó àti ọmọ wọn ń jìyà nílé, ó di June 1864 kí Congress tó ṣòfin pé kí owó dọ́gba. Ọkùnrin kan tí mo yà ní Gettysburg, mo ní kó bọ́ fìlà kó gbé e lé orúnkún. Ìlà tí fìlà fà sí i níwájú orí ṣì wà ńbẹ̀, ó jìn bí ìgbà tí wọ́n bá fi okùn di ọwọ́, òógùn sì dúró sínú ìlà náà, kò ṣàn. Mo ní kó má nù ún. Nínú gbogbo fọ́tò tí mo yà níbẹ̀, ìyẹn ni mo tẹ̀ jáde tí mo gbé kọ́ ara ògiri.

Lẹ́tà láti Houston: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Kí ló dé tí gbogbo wọn fi máa ń fa ojú ro? Ọkọ mi ní torí kámẹ́rà ìgbà yẹn ò yá ni, pé èèyàn ò lè rẹ́rìn-ín pẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Tí mo bá fẹ́ ya ẹnìkan tó múra báyẹn, ṣé kí n ní kó fajú ro ni?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ọkọ yín sọ òótọ́ àmọ́ ìdajì ni. Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lèèyàn gbọ́dọ̀ dúró láìmira, ìgbà míì wọ́n á gbé irin kan sí i lẹ́yìn ọrùn kí orí má bàa yẹ̀, tí ẹ bá wo àwọn fọ́tò tí sójà ti dúró, ẹ wo ẹ̀yìn bàtà ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí ẹsẹ̀ irin náà. Ìyẹn ni ti kámẹ́rà.

Ìdajì kejì, ti èèyàn ni. Ẹ rántí fọ́tò àwọn bàbá wa àti ìyá wa tó wà ní pálọ̀, tí bàbá jókòó gbagidi, ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì, ẹsẹ̀ yà, agbádá tẹ́ sílẹ̀, ojú dúró bí ojú ọba. Kámẹ́rà ti yá nígbà tí wọ́n ya ìyẹn, kò sóhun tó ní kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Wọn ò fẹ́ rẹ́rìn-ín ni. Ẹni tó bá ń ya fọ́tò ń gbé iyì ara ẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn tí ò tíì bí, kì í fi eyín ṣeré níbẹ̀. Bó ṣe rí lára àwọn náà nìyẹn. Ti Douglass tiẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà yẹn àwọn òyìnbó fẹ́ràn kí wọ́n máa ya ẹrú bí ẹni tínú ẹ̀ ń dùn, tó ń ṣẹ́yín bí òmùgọ̀, ó wá kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò ní fún wọn ní ẹ̀rín yẹn. Sojourner Truth ńkọ́, ìyá tó ti ṣe ẹrú rí, ó ń ta fọ́tò ara ẹ̀ láti fi gbọ́ bùkátà, ó ní kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ sí i lábẹ́ pé òjìji lòun ń tà kóun lè fi gbọ́ ara. Ẹ wo bó ṣe jókòó nínú ẹ̀, bọ́ọ̀lù òwú àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́, ìyá àgbà tó mọ ohun tó ń ṣe.

Fọ́tò kan tún wà ní Library of Congress ní Washington, sójà aláwọ̀ dúdú kan, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn méjì, àwọn ọmọ náà wọ kóòtù àti fìlà kan náà, àǹkóò gidi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀, mi ò sì tíì rí fọ́tò ìdílé tí ìfẹ́ hàn nínú ẹ̀ tó yẹn.

Torí náà, ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni fajú ro. Ẹni tí wọ́n bá ní kó fajú ro, ìbínú ló máa ń ṣe, ìbínú sì kọ́ ló wà lójú àwọn ará ìjọ́sí. Èmi máa ń bi í pé ta ló gbé wọ̀ lónìí, kó sọ fún mi, orúkọ sójà náà, ìlú ẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe kó tó wọṣẹ́ ogun. Wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n, ìwádìí ńlá ni wọ́n máa ń ṣe. Bó bá sọ ọ́ tán, mo máa ní kó mí síta, kó dúró jẹ́ẹ́, èmi á sì ka ení dé ẹẹ́jọ kí n tó yà á. Tó bá fi máa dé ẹẹ́fà, ojú ti balẹ̀.

Lẹ́tà láti Peckham, London: Ẹ̀gbọ́n, mo ra fọ́tò páànù kan lọ́jà àwọn nǹkan àlòkù, sójà aláwọ̀ dúdú ni, ẹni tó tà á ní ọdún 1864 ni wọ́n yà á. Ọ̀rẹ́ mi kan ní fọ́tò òde òní ni, pé àwọn tó ń múra bíi sójà ni wọ́n yà. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Ìdáhùn: Mágínẹ́ẹ̀tì ni kó o kọ́kọ́ wá, àbúrò. Irin ni páànù àtijọ́, á fà á. Àwọn tó ń ṣe é lóde òní, aluminium tí wọ́n kùn ní dúdú ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń lò, èyí tí wọ́n ń fi kọ orúkọ sára ife ẹ̀yẹ, mágínẹ́ẹ̀tì ò lè fa ìyẹn láéláé. Tí kò bá fà á, ọ̀rọ̀ ti tán. Tó bá fà á, ọ̀rọ̀ ò tíì tán o, torí àwọn kan ṣì ń lo irin.

Wo ẹ̀yìn ẹ̀ tàbí páálí tí wọ́n fi dì í. Láti September 1864 títí di August 1866, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n lẹ sítáǹpù owó orí mọ́ fọ́tò tí wọ́n bá tà, tó bá wà ńbẹ̀ ìyẹn dáa, tí ò bá sí kì í ṣe ẹ̀rí pé irọ́ ni. Wo ìbọn àti bẹ́líìtì. Fọ́tò páànù máa ń yí ọ̀tún sí òsì bíi dígí, US tó wà lára idẹ bẹ́líìtì á kọjú sódì, ibi tí wọ́n ti ń yin ìbọn tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ọ̀tún á bọ́ sí òsì. Àtijọ́ ni o, òde òní ni o, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, àmọ́ tí US bá kà dáadáa lórí páànù, wádìí ẹ̀ síwájú, ó lè jẹ́ pé fọ́tò míì ni wọ́n tún yà sórí ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wo ọkùnrin náà fúnra ẹ̀. Ọ̀pọ̀ sójà Àríwá ò ju ọmọ ọdún bíi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, ebi àti ìrìn ti fa ara wọn gbẹ. Àwọn tó ń múra báyìí, àgbà ló pọ̀ nínú wọn, wọ́n ti jẹun kánú, eyín wọn pé. Aṣọ wọn náà lè jẹ́rìí. Àwọn fúnra wọn lọ́rọ̀ kan, farb, òun ni wọ́n ń pe ẹni tó wọ nǹkan tí ò bá ọdún mu, bàtà òde òní, aago ọwọ́, gíláàsì ojú oníke. Tí wọ́n bá pe èèyàn ní farb, ó máa ń dun onítọ̀hún o.

Inú mi ò dùn sí ẹni tó ta nǹkan yìí fún ẹ tó bá mọ̀ pé òde òní ni, mo sọ ọ́ jáde. Alààyè kan lọ jókòó, ó fara balẹ̀ kí wọ́n yà á, ó ń gbé orúkọ òkú ró, wọ́n wá fi í pa irọ́ gba owó. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ orúkọ ẹni tí mo yà sẹ́yìn gbogbo fọ́tò mi, ọjọ́, ìlú, àti orúkọ sójà tó gbé wọ̀, kí ẹni tó máa rí i lọ́gọ́rùn-ún ọdún sí i lè mọ̀ pé èèyàn méjì ló wà ńbẹ̀. Irọ́ inú fọ́tò ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Gettysburg ní July 1863, Alexander Gardner, fọtógíráfà ojú ogun kan, àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbé òkú sójà Gúúsù kan kúrò níbi tó kú sí, wọ́n gbé e lọ sí àárín òkúta Devil's Den, wọ́n gbé ìbọn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n yà á, wọ́n kọ ìtàn sí i. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó já a. Ọmọ ọlọ́mọ ni o.

Lẹ́tà láti Atlanta: Àbúrò mi, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni mí. Níbi tí mo ti lọ ya fọ́tò, àwọn tó múra bíi sójà Gúúsù pọ̀ ju ti Àríwá lọ, wọ́n gbé àsíá wọn yẹn dání. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n ya òun. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó fún mi lómi mu. Ọwọ́ mi ò gbé kámẹ́rà. Ṣé mo ṣe é bó ṣe yẹ?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè fọ́tò. Ọwọ́ tó kọ̀ ti sọ̀rọ̀.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé ogun yẹn ò kan ọ̀rọ̀ ẹrú, pé ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ ni. Ẹ má dá wọn lóhùn púpọ̀. Alexander Stephens, igbá-kejì ààrẹ Gúúsù, sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀ ní Savannah ní March 21, 1861, pé òkúta igun ilé ìjọba tuntun àwọn ni pé aláwọ̀ dúdú ò bá òyìnbó dọ́gba, pé ẹrú ló yẹ kó jẹ́. Georgia tiyín níbẹ̀ ló ti sọ ọ́. Torí náà tí ọkàn yín bá gbé ohun kan lọ́jọ́ yẹn, ó mọ ohun tó ń gbé.

Èmi ti ya wọn, kí n má purọ́. Ogun ò lè jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ẹni tó gbé aṣọ ọ̀tá wọ̀ wà lára ìtàn náà, nígbà míì tí ẹgbẹ́ kan bá pọ̀ jù, àwọn kan máa bọ́ ẹ̀wù wọn lọ wọ tòdì kejì kí ogun náà lè pé. Àmọ́ mo ní ohun tí mi ò jẹ́ ṣe. Mi ò jẹ́ tẹrí kámẹ́rà sílẹ̀ kí n máa wò wọ́n láti ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wo ère, mi ò jẹ́ fi èéfín àti oòrùn alẹ́ ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́. Dúdú-funfun léwu níbí, ó máa ń fọ nǹkan mọ́, ó máa ń jẹ́ kí nǹkan burúkú dà bí ohun tó jìnnà tó sì rẹwà. Ojú kòjú ni mo máa ń yà wọ́n, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí èèyàn rí wọn bí wọ́n ṣe rí. Tẹ́ ẹ bá padà lọ tí ọwọ́ bá gbà á, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ò bá gbà á, ẹ dúpẹ́ omi, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ yà.

Lẹ́tà láti Chicago: Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọ Yorùbá kankan ja ogun yẹn? Mo fẹ́ darapọ̀ mọ́ àwọn tó ń múra, mo sì fẹ́ gbé ọmọ ilé wọ̀.

Ìdáhùn: Èyí tí mo mọ̀ dájú kì í ṣe Yorùbá, ọmọ Borno ni, àmọ́ ọmọ ilẹ̀ wa náà ni. Nicholas Said lorúkọ tó padà ń jẹ́, Mohammed Ali ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Nǹkan bí 1836 ni wọ́n bí i lágbègbè adágún Chad, wọ́n jí i gbé, wọ́n mú un la aginjù Sahara kọjá dé Tripoli, ó sìn dé Turkey, ó sìn dé Russia, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un. Ó gbọ́ èdè bíi mélòó kan. Ó dé Amẹ́ríkà, ó ṣe tíṣà ní Detroit, ó wá wọ 55th Massachusetts, ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú míì, ní 1863, ó di sájẹ́ńtì. Ní 1873 ó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ìtàn ayé ẹ̀ jáde. Fọ́tò ẹ̀ nínú yúnífọ́ọ̀mù wà títí dòní. Tí mo bá jẹ́ ẹ, ẹ̀wù ọkùnrin yẹn ni mo máa wọ̀.

Ní ti Yorùbá, Brazil àti Cuba ni wọ́n kó àwọn tiwa lọ jù, torí láti 1808 lòfin Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má kó ẹrú wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ ogun ilẹ̀ Yorùbá tó kó wa fún wọn jù, ẹ̀yìn ìyẹn ló le. Àmọ́ ọkọ̀ ojú omi kan rú òfin yẹn, Clotilda, ó kó èèyàn bíi 110 dé Mobile, Alabama ní July 1860, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kossola wà nínú wọn, ọmọ agbègbè Banté ní Benin òde òní, ilẹ̀ àwọn Yorùbá ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn. Òyìnbó ń pè é ní Cudjo Lewis. Kò jagun, ẹrú ni wọ́n fi í ṣe títí ogun fi tán, ó sì wà láyé títí di 1935.

Mo fẹ́ kó o wo fọ́tò ẹ̀ kó o tó wọ aṣọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Zora Neale Hurston, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà kan, lọ bá a lópin àwọn ọdún 1920, ó ní òun fẹ́ yà á. Bàbá wọlé lọ múra, nígbà tó jáde ó wọ kóòtù tó dáa jù lọ́dọ̀ ẹ̀, àmọ́ ó bọ́ bàtà. Ó ní òun fẹ́ dà bí ẹni tó wà ní Áfíríkà, torí ibẹ̀ lòun fẹ́ wà. Ó tún ní kí wọ́n ya òun ní ibi ìsìnkú, láàárín sàréè ìyàwó òun àtàwọn ọmọ òun. Mo ti ronú lórí ẹsẹ̀ lásán yẹn títí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti gbé e kúrò nílé, kò ní aṣọ òkè, kò ní fìlà, nǹkan kan ṣoṣo tó lè bọ́ tó máa fi padà sílé fún ìṣẹ́jú kan níwájú kámẹ́rà, ó bọ́ ọ. Òun ló kọ́ mi pé kí n máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí mo bá fẹ́ yà pé kí lo fẹ́ kí n rí, kí n tó sọ fún un pé jókòó báyìí.

Lẹ́tà láti Ìbàdàn: Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ máa ṣe fọ́tò páànù fúnra mi. Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó jọ pé mo lè ṣe é ní kíṣìnnì.

Ìdáhùn: Má ṣe é ní kíṣìnnì, mo bẹ̀ ẹ́ lórúkọ Ọlọ́run. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ ether wà nínú collodion, ó máa ń gbaná kíá, afẹ́fẹ́ ẹ̀ lásán lè fò lọ bá iná gáàsì. Àwọn kan máa ń fi cyanide fọ fọ́tò náà mọ́, májèlé tó ń pani ni, òun ni àwọn ará àtijọ́ lò, àmọ́ kẹ́míkà míì tí wọ́n ń pè ní hypo wà, òun ni èmi máa ń lò, ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni. Kẹ́míkà fàdákà yẹn sì lè ba ojú jẹ́, torí náà góógù gbọ́dọ̀ wà lójú ẹ ní gbogbo ìgbà.

Mo mọ ohun tó mú ẹ o. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, obìnrin kan ní Pennsylvania ló ń ṣe é nínú àgọ́, òórùn ether àti ti òróró láfẹ́ńdà tí wọ́n máa ń pò mọ́ fáníìṣì gba gbogbo ibẹ̀. Ó gbé páànù kúrò nínú omi, àwòrán tó wà lórí ẹ̀ dà bíi wàrà tí búlúù wọ̀, òdì ni, ibi tó yẹ kó mọ́ ṣú, èèyàn ò lè mọ ẹni tó jẹ́. Ó wá rì í sínú omi kejì. Wàrà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò láti etí, díẹ̀díẹ̀, ojú sójà yẹn ń yọ bọ̀ lábẹ́ ẹ̀, imú, ètè, ẹyinjú méjèèjì. Ọkùnrin náà dúró lẹ́yìn wa nínú àgọ́ pẹ̀lú ìbọn ẹ̀ lọ́wọ́, kò sọ̀rọ̀.

Wá ẹni tó ń ṣe é, lọ dúró tì í fún oṣù díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ níbí náà ló rí. Tó o bá ń lọ, mú ìbọ̀wọ́ dání, wọ aṣọ tí ò dùn ẹ́. Tí kẹ́míkà fàdákà bá kán sí ẹ níka, o ò ní rí nǹkan kan lójú ẹsẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á ṣú bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ aró, ọṣẹ ò sì ní ràn án, á lo bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó bó kúrò fúnra ẹ̀.